Ọsàn Tí A Fi Dúpẹ́

Bí ẹ bá bi mí títí di òní olónìí bóyá màmá mi ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni o, àbí iṣẹ́ ló lé màmá mi jáde, èmi Rúkà ò ní lè fún yín lésì tó máa tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó dáa, mo ti ṣe lábẹ́ èyí tí mi ò fẹ́ kí ọ̀tá mi pàápàá bá pàdé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ọdún yẹn ṣì ń rú mi lójú. Gbogbo ará ilé wa ní Òkèrèwè ló ní èsì tirẹ̀ lẹ́nu nígbà náà. Tí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, màá gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga pé wọ́n lé ìyá Rúkà níbi iṣẹ́. Kí n tó gbá a dé ìdí ilé ìdáná, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni jàre, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde, agídí ìyá Rúkà ló pọ̀. Èmi á wá dúró ti ìgbálẹ̀ mi, àwọn ewúrẹ́ á máa rìn kọjá lórí ibi tí mo ti gbá, ojú mi á máa lọ sókè sódò bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn sì wà láàárín, tó máa ń rùn fún èéfín àti ọṣẹ. Ẹni tó ń kọ́kọ́ jí níbẹ̀ ni Ìyá Ẹdẹ, ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè bẹ́ẹ̀ torí pé Ẹdẹ ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá sí Ifẹ̀. Ojú Ìyá Ẹdẹ ti ń ṣú nígbà náà. Lọ́sàn-án, wọ́n ṣì lè dá ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ sí òpó, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, ó tán nìyẹn, àfi kí ẹnìkan mú wọn lọ́wọ́. Rédíò wọn ló ń jí wa. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, èmi á gbé kẹ́tìlì àlùwàlá lọ bá wọn, wọ́n á na ọwọ́ síwájú, wọ́n á ní, "Rúkà, ọwọ́ ni kí o da omi sí o, ẹsẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn." Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ ni mo sì ń dà á sí wọn lẹ́sẹ̀. Bàbá mi kì í sábà sí nílé. Awakọ̀ tírélà ni wọ́n, Kánò ni wọ́n ń ná, a máa ń gbóhùn wọn lórí fóònù ju bí a ṣe ń rí ojú wọn lọ.

Ìránṣọ ni màmá mi ní ilé ìwòsàn aládàáni kan nínú ìgboro. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì lèmi máa ń pè wọ́n níléèwé. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rán aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ojú fèrèsé, àti aṣọ pélébé tí wọ́n fi ń wé ọmọ tuntun. Dókítà àgbàlagbà kan ló ni ibẹ̀, òun ló gba màmá mi síṣẹ́ nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn wọn. Màmá mi fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ pé nígbà tí àwọn ń ṣàlàyé pé àwọn ní ọmọ ọwọ́, Dókítà kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gbé e dání, ṣebí aṣọ ló kún ibí." Orí àjákù aṣọ lábẹ́ maṣíìnì ni mo ti kọ́ oorun sísùn. Títí di òní, bí wọ́n bá ń ránṣọ nítòsí mi, ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Àdéhùn tí màmá mi bá Dókítà ṣe ò sì le rárá: wọ́n á dé lówùúrọ̀, wọ́n á kúrò kí oòrùn tó wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ọ̀kadà bá ti dúró níwájú ilé, Ìyá Ẹdẹ á ní, "Ó ti dé," èmi á sáré lọ gba ọ̀rá ẹja lọ́wọ́ màmá mi, omi ẹ̀bà á sì ti máa hó lórí iná.

Àìsàn ló mú Dókítà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá láti Èkó láti bójú tó ilé ìwòsàn, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa pe òun ní Mánẹ́jà. Ọmọdé ni sí màmá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Mánẹ́jà wo yàrá ìránṣọ yíká, ó ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti rán sílẹ̀ lọ́jà dínwó ju èyí tí màmá mi ń rán lọ, kí wọ́n kó maṣíìnì kúrò níbẹ̀ kí àwọn rí ibi kó oògùn sí. Ó dáa, kí ni ìránṣọ á wá máa ṣe? Ó ní kí wọ́n bọ́ sí ẹ̀ka ìfọṣọ. Ìgbà wo? Alẹ́ ni o, torí alẹ́ ni iná ìjọba máa ń dúró díẹ̀ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ lè ṣiṣẹ́. Màmá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá ọkọ mi ò ríran lálẹ́, ọmọdé ló sì wà pẹ̀lú wọn, bàbá ọmọ wà lójú títì." Mánẹ́jà ní, "Madam, mo fún yín níṣẹ́, ẹ tún ń ṣà á." Èmi ò sí níbẹ̀ o, àmọ́ ohùn imú tí màmá mi fi ń sín in jẹ nílé ṣì wà létí mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Wọ́n á ti lọ kí a tó jẹun alẹ́, wọ́n á dé pẹ̀lú ojú pípọ́n nígbà tí mo bá ń wọṣọ iléèwé. Èmi ni mo wá di ojú Ìyá Ẹdẹ, wọ́n á di èjìká mi mú bí a bá ń lọ sẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n oorun ọmọdé, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan, Ìyá Ẹdẹ ò fẹ́ jí mi, wọ́n dá nìkan jáde, wọ́n sì fẹsẹ̀ gbá ọlọ. Nígbà tí màmá mi dé láàárọ̀ tí wọ́n rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó wú, tí èékánná ti ṣí, wọ́n lọ dá iná. Wọ́n gbé omi gbígbóná, wọ́n fi aṣọ jó ẹsẹ̀ náà dáadáa, wọ́n dì í. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ní kí n fa ewé kan ya nínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Orí ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn ò ṣe mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú gan-an nìyí. Bí Ìyá Ẹdẹ ṣe gbọ́ pé ìyàwó àwọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wọ́n: "Ṣé o ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?" Màmá mi la ẹnu sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ wo ẹsẹ̀ yín, ọpẹ́ kí ni mo fẹ́ lọ dá?" Ìyá Ẹdẹ ní, "Ṣé o jẹun níbẹ̀ àbí o ò jẹun níbẹ̀?" "Mo jẹ, mà." "Lọ dúpẹ́." Ó parí. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn ṣá. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ tán á dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, kódà bí ọ̀gá bá fi ìyà jẹ ẹ́. Ayálégbé tó ń kó jáde torí pé òrùlé ń jò sí i lórí á kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún onílé pé òun dúpẹ́ ibùgbé. Láìpẹ́ yìí lèmi náà fi ibì kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ẹ mọ ohun tí mo gbé dání lọ́jọ́ tí mo lọ dágbére? Búrẹ́dì àti ọsàn. Orí mi ò pé, àbí?

Báyìí ni èmi àti màmá mi ṣe wọ aṣọ Iléyá wa, a gbé búrẹ́dì gígùn méjì àti apẹ̀rẹ̀ ọsàn, ó di ilé ìwòsàn. Màmá mi kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tútù yẹn níwájú Mánẹ́jà. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o, sà. Ibí yìí ni mo ti tọ́ ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kó máa gbòòrò, á fún Dókítà ní àlàáfíà." Mánẹ́jà pàápàá ò mọ ohun tí ojú òun á ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì pagbo, wọ́n ń bó ọsàn, wọ́n ń ṣàdúrà, ọ̀kan nínú wọn yọ fóònù, ó ya wá. Nínú fọ́tò yẹn, màmá mi ń rẹ́rìn-ín, omi ọsàn sì ń ṣàn ní àgbọ̀n mi. Èmi rò pé ọjọ́ ayọ̀ ni. Àfi bí a ṣe délé, tí màmá mi wọ yàrá, tí wọ́n dojú dé bẹ́ẹ̀dì, tí wọn ò jẹ iyán tí Ìyá Ẹdẹ ní kí wọ́n gún fún wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Ta ni mo fẹ́ bi pé irú ayọ̀ wo lèyí?

Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń yí, Àǹtí Bọ́sẹ̀, tó ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn náà, wá kí wa. Òun ló bèèrè pé, "Ìyá Rúkà, ṣé ẹ ti lọ bèèrè dúró-ná yín?" Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ní owó kan, oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́ lára owó oṣù kálukú. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìṣẹ̀, wọ́n á máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ títí á fi rí nǹkan mìíràn ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní dúró-ná. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kúrò ò ní gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí iṣẹ́ padà mọ́ ọn lọ́wọ́ títí tí kò fi lè ṣe é mọ́, wọ́n á kà á sí ẹni tí wọ́n lé. Èmi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹni tó fúnra rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á tún kà sí ẹni tí wọ́n lé? Mo da òkúta sínú ẹ̀wà, mo da ẹ̀wà sílẹ̀. Màmá mi ní, "Bí dúró-ná yẹn bá jáde, màá fi san maṣíìnì díẹ̀díẹ̀, màá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, màá máa ránṣọ mi." Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní bí kò bá wá jáde ń kọ́? Màmá mi wo ọ̀dọ̀ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní àbúrò bàbá mi obìnrin ti ní kí àwọn máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Ìbàdàn, àwọn á máa wálé lóṣù lóṣù, kò sọ́nà mìíràn mọ́, alẹ́ Ìyá Ẹdẹ á sì tún di ti èmi nìkan.

Háà, ẹ̀rù bà mí. Ìbàdàn! Láti ọjọ́ náà, mi ò kírun kankan kí n má fi dúró-ná sí i. Màmá mi lọ bá alága ẹgbẹ́, bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Alága ní, "Ṣé ilé ìwòsàn ló kọ̀wé lé yín, àbí ẹ̀yin lẹ kọ̀wé?" Màmá mi ní àwọn ni. Ó ní, "Ah, ó tán nìyẹn." Màmá mi ní ṣùgbọ́n ìfọṣọ alẹ́ kọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n gba àwọn fún. Ó ní, "Ah, kò tíì tán nìyẹn." Ó dá ọjọ́ fún wọn pé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ á jókòó lé e. Kí ọjọ́ náà tó pé, ilé wa ò dùn. Màmá mi wà nílé ní ọ̀sán, kò sì mọ́ mi lára, bí mo bá ti iléèwé dé, ó máa ń ṣe mí bíi pé ilé onílé ni mo wọ̀. Ẹja inú ọbẹ̀ wa wá kéré débi pé Ìyá Ẹdẹ, tí ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá a, á ní, "Rúkà, ṣé ẹja ni mo dì mú yìí àbí ata?" A máa ń rẹ́rìn-ín, màmá mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìjókòó náà, Ìyá Ẹdẹ ní àwọn ń bá wa lọ. Màmá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó sílé torí ẹsẹ̀ wọn, wọn ò gbọ́. Ọ̀sán gangan ni, mo mú wọn lọ́wọ́, a wọ táásì. Nínú yàrá tí a jókòó sí, alága àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì wà lẹ́yìn tábìlì, fáànù ń dún gbì gbì lókè. Màmá mi ṣàlàyé ara wọn, wọ́n sọ ti maṣíìnì, ti ìfọṣọ, ti alẹ́. Alága ń mi orí. Ọkàn mi ti ń balẹ̀. Ìgbà náà ni Mánẹ́jà, tí wọ́n pè wá sọ tẹnu rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, dìde, tó na fóònù sí alága. Ó ní, "Ẹ bá mi wo èyí. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ̀wé tán ni wọ́n gbé ẹ̀bùn wá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún wa. Ṣé bí ẹni tí wọ́n lé ṣe ń ṣe nìyí?" Fóònù náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mo rí ara mi níbẹ̀ pẹ̀lú ọsàn. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá Rúkà, ẹ rẹ́rìn-ín níbí o." Mo wo ojú màmá mi, mo mọ̀ pé Ìbàdàn ti dé.

Ìyá Ẹdẹ ní, "Kí ni wọ́n ń wò?" Mo sọ ọ́ sí wọn létí pé fọ́tò ọjọ́ tí a lọ dúpẹ́ ni, wọ́n ní nítorí ẹ̀ kò sẹ́ni tó lé màmá mi. Ìyá Ẹdẹ ní, "Wọ́n ní kí ni?" Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n dìde, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Mo rọra yí wọn sí ọ̀dọ̀ alága. Wọ́n ní, "Alága, mo gbọ́ pé ẹ sìnkú ìyá yín láìpẹ́ yìí. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o."

Alága ní, "A dúpẹ́, mà."

"Nígbà tí ẹ sìnkú tán, ṣé ẹ rìn káàkiri lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá yín péjọ?"

"A rìn ín, mà. Gbogbo ìlú la rìn."

"Ṣé ẹ wọ aṣọ tó dáa? Ṣé ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé inú yín dùn pé ìyá yín kú ni?"

Alága gbé fóònù náà kalẹ̀ sórí tábìlì. Ìyá Ẹdẹ ní, "Èmi ni mo ní kó lọ dúpẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, èmi ni kí ẹ yọ ọ́ lára mi." Wọ́n jókòó, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fa àga sí wọn lábẹ́. Alága dá fóònù padà. Ó bi Mánẹ́jà pé, "Sà, iṣẹ́ kí ni Dókítà gba obìnrin yìí fún?" Ó ní ìránṣọ. "Iṣẹ́ kí lẹ ní kí wọ́n máa ṣe?" Ó ní ìfọṣọ, ó sì fi kún un pé òun ò lé ẹnikẹ́ni. Alága ní, "Mo gbọ́, sà. Ìgbà wo ni ìfọṣọ náà?" Mánẹ́jà wo fèrèsé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta forí korí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà alága ní màmá mi á gba dúró-ná.

Kí ni màmá mi á ṣe bí kò ṣe pé kí orúnkún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ láti dúpẹ́? Ìyá Ẹdẹ, tí ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, gbọ́ bí aṣọ ṣe dún. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbá ìró màmá mi mú. "Dìde! Má dúpẹ́ o! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tún gbà á padà ni?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, alága ń nu ojú. Màmá mi wà níbẹ̀, wọn ò kúnlẹ̀, wọn ò dúró, ọwọ́ Ìyá Ẹdẹ wà nínú ìró wọn.

A ò wọ táásì padà. Màmá mi ní kí a rọra rìn díẹ̀, Ìyá Ẹdẹ sì ní ẹsẹ̀ ò dun àwọn mọ́, irọ́ ńlá. A gba ẹ̀gbẹ́ Sábó kọjá, òórùn àgbò àti ti àlùbọ́sà ń bọ̀ láti ọjà wọn. Èmi ń fò sókè, mò ń sọ ọ́ fún ara mi pé kò sí Ìbàdàn mọ́, kò sí Ìbàdàn mọ́. Ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn ni mo rí i pé màmá mi ń sunkún. Ẹ gbà mí o, kí ló tún dé? Ṣebí wọ́n ti fún wa? Mo dúró. Màmá mi fi etí ìborùn nu ojú, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ọpẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe torí pé ẹ rán mi nìkan. Mo dá a tọkàntọkàn ni. Iṣẹ́ yẹn wù mí. Mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ rárá." Ìyá Ẹdẹ ń fi ọwọ́ tẹ èjìká mi bí a ṣe ń rìn. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣé o rò pé torí ojú mi ṣú, etí mi náà di?"

Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì. Gbogbo ohun tí mo rò pé mo ti mọ̀ nínú yàrá yẹn tún dàrú mọ́ mi lórí. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lé yín ni, àbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ kúrò?"

Màmá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n sì yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́pà, wọ́n ra ẹ̀pà fún mi.